Spa-Francorchamps: ṣé pápá kan náà ni ti kìlómítà 15 àti ti kìlómítà 7?

Awòran-Ìje (ẹni tó dá ìjíròrò sílẹ̀)

Ẹ̀yin olólùfẹ́ eré ìje ọkọ̀, mo kí yín o. Mo ń to orúkọ àwọn olúborí pápá kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan fún ìlò ara mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí Spa-Francorchamps ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, ọwọ́ mi dúró. Pápá tí wọ́n ń sáré lórí rẹ̀ lónìí gùn ní kìlómítà 7.004, ó ní kọ́nà 19, ìgbà 44 sì ni àwọn awakọ̀ Formula 1 máa ń yí i po kí eré tó parí. Bẹ́ẹ̀ sì ni nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fa ìlà rẹ̀ ní 1920, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 15. Orúkọ rẹ̀ kò yí padà, inú igbó Ardennes náà ló ṣì wà, ṣùgbọ́n ohun tó ju ìdajì ọ̀nà náà lọ ni eré ìje ti fi sílẹ̀.

Ohun tí mo ń bi yín ni pé, ṣé mo lè to Juan Manuel Fangio, tó borí níbẹ̀ ní 1950, àti Max Verstappen, tó borí níbẹ̀ ní 2023, sí abẹ́ àkọlé kan ṣoṣo? Èrò tèmi ni pé pápá kan náà ni, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ ló pinnu bí ọ̀nà yóò ṣe rí. Òkè wà níbẹ̀, odò wà níbẹ̀, ẹni yòówù tó bá fẹ́ la ọ̀nà gba ibẹ̀ ní láti bá wọn ṣe é. Mo tilẹ̀ rò pé gígé tí wọ́n gé e kúrú ṣe é lóore, torí ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá sí i.

Onímáàpù

Ìbéèrè tó dára ni, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí a tó dá ẹjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí a mọ bí ọ̀nà náà ṣe rí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Jules de Thier àti Henri Langlois van Ophem ni wọ́n fa ìlà rẹ̀. Wọn kò wó igbó, wọn kò sì da ọ̀dà sórí ilẹ̀ tuntun kankan. Ọ̀nà tí ará ìlú ń gbà lójoojúmọ́ láti Francorchamps lọ sí Malmedy, láti Malmedy lọ sí Stavelot, àti láti Stavelot padà sí Francorchamps ni wọ́n so pọ̀, tí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dúró bí ààrò mẹ́ta. Ní oṣù Ògúṣù 1921 ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ fi ọkọ̀ sáré níbẹ̀, àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló forúkọ sílẹ̀, nítorí náà alùpùpù ni wọ́n fi ṣí pápá náà. Ọkọ̀ sáré níbẹ̀ ní 1922, eré ìje wákàtí 24 bẹ̀rẹ̀ ní 1924, nígbà tó sì di 1925, Antonio Ascari fi ọkọ̀ Alfa Romeo gba ife ẹ̀yẹ Grand Prix Bẹ́ljíọ̀mù àkọ́kọ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò ni odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ òkè. Eau Rouge ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni Omi Pupa, nítorí pé irin tó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń kun àwọn òkúta ìsàlẹ̀ omi náà ní àwọ̀ pupa. Odò yìí ni ààlà láàárín Bẹ́ljíọ̀mù àti Jámánì kí àdéhùn Versailles tó sọ Malmedy di ti Bẹ́ljíọ̀mù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Ìdí nìyí tí kọ́nà tó tẹ̀ lé afárá náà fi ń jẹ́ Ancienne Douane, ìyẹn Ibodè Àtijọ́. Awakọ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò kọjá odò, yóò yà sósì, yóò gun òkè díẹ̀, yóò wá yí bírí sọ́tùn-ún ní ibi tí àwọn oníbodè ti ń dá èrò dúró láyé àtijọ́. Ìyíbírí yẹn a máa pa eré ọkọ̀ tì pátápátá. Ní 1939, wọ́n la ọ̀nà tuntun tó gba ojú òkè lọ tààrà, tí ọkọ̀ kò fi ní láti dé ibodè mọ́. Ọ̀nà tuntun yẹn ni Raidillon.

Nítorí náà, Awòran-Ìje, ní ibi tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní pápá náà, ènìyàn ló yan ọ̀nà tó gbà, kì í ṣe ilẹ̀. Ọ̀nà tí ilẹ̀ yàn ni èyí tó gba ibodè, tó rọra ń fi ẹ̀gbẹ́ gun òkè.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n yọ ìyíbírí ti Stavelot náà kúrò, wọ́n fi kọ́nà fífẹ̀ kan tí ojú rẹ̀ dagun rọ́pò rẹ̀, pápá náà sì di kìlómítà 14.1. Èyí ni Fangio sáré lórí rẹ̀ ní 1950.

Ọ̀gá-Kọ́nà

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Onímáàpù. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un, nítorí mo rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi orúkọ kan pe kọ́nà méjì. Eau Rouge ni ìyàsósì kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá odò. Ìyàsọ́tùn-ún tó gun òkè lẹ́yìn rẹ̀ ni Raidillon, ó sì tún ní ìyàsósì mìíràn lórí ténté òkè níbi tí ojú kò tíì rí ọ̀nà tó wà níwájú. Òkè náà ga tó nǹkan bí mítà 40 láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Bí ẹ bá wo fídíò tí wọ́n yà láti orí ọkọ̀, ẹ óò rí i pé nígbà tí ọkọ̀ bá dé ìsàlẹ̀, ńṣe ni ọ̀nà dìde dúró bí ògiri níwájú awakọ̀. Ara rẹ̀ yóò rì sínú àga bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò pẹ́ rárá, ara yóò tún fúyẹ́ ní orí òkè, táyà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ má mú ilẹ̀ mọ́, ojú ọ̀run nìkan ni awakọ̀ yóò sì rí. Ibẹ̀ gan-an ló ti gbọ́dọ̀ ti darí ọkọ̀ sósì, kí ó tó rí ibi tó ń darí rẹ̀ sí.

Àgbà-Òǹwòran

Awòran-Ìje, ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, inú mi sì dùn pé ẹni tó kéré sí wa ń wá ìtàn kiri. Ṣùgbọ́n òwe tí o pa nípa ilé ọba yẹn kò bá mi lára mu. Kì í ṣe ẹwà ni wọ́n ń wá nígbà tí wọ́n gé pápá yẹn. Òkú ló pọ̀ jù.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ pápá àtijọ́, ibi tí wọ́n ń pè ní Masta ni kó kọ́kọ́ mọ̀. Tí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Malmedy, ọ̀nà náà á nà gbọọrọ wọ àfonífojì, láàárín pápá àti ilé àwọn àgbẹ̀, ọkọ̀ á sì máa sá ju kìlómítà 270 lọ láàárín wákàtí kan. Ní ìdajì ọ̀nà gbọọrọ yìí, ọ̀nà náà yà sósì díẹ̀, ó tún yà sọ́tùn-ún díẹ̀, láàárín ilé méjì-mẹ́ta. Kò sí irin ìdènà, kò sí iyanrìn. Ògiri ilé ni, òpó wáyà ni, kòtò ni. Awakọ̀ tó bá dẹ ẹsẹ̀ níbẹ̀, yóò pàdánù eré rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà gbọọrọ tó kù dé Stavelot. Èyí tí kò bá dẹ ẹsẹ̀, tó sì ṣi ọ̀nà gbà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan péré, ilé onílé ni yóò wọ̀.

Ikú ti wà níbẹ̀ kí ogun tó dé. Ní oṣù Okúdù 1939, Richard Seaman ló wà níwájú nínú òjò pẹ̀lú ọkọ̀ Mercedes nígbà tó yọ̀ kúrò lọ́nà nítòsí kọ́nà La Source, ó gbá igi, iná ọkọ̀ náà sì ṣe é léṣe títí ó fi kú. Ní 1960, ìdánrawò nìkan ti ṣe ènìyàn méjì léṣe: ẹsẹ̀ ọkọ̀ Lotus tí Stirling Moss ń wà yọ ní kọ́nà Burnenville, Moss ṣẹ́ ní ẹsẹ̀ méjèèjì, Mike Taylor náà sì fara pa gidigidi nínú Lotus mìíràn. Nígbà tí eré gan-an wá bẹ̀rẹ̀, Chris Bristow kú. Alan Stacey náà kú, ẹyẹ ló gbá a lójú. Jack Brabham ló borí lọ́jọ́ náà, àmọ́ ta ló rántí ìyẹn?

Èyí tó yí gbogbo nǹkan padà ni ti 1966. Ojú ọ̀nà gbẹ ní ìlà ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn sì fi agbára gbéra. Kí wọ́n tó yí i po lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n kó sínú òjò ńlá ní apá kejì pápá. Omi ti ń ṣàn kọjá lórí ọ̀nà nítòsí kọ́nà Masta. Ọkọ̀ BRM tí Jackie Stewart wà nínú rẹ̀ fò kúrò lọ́nà, ó sì balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ilé àgbẹ̀ kan. Ara ọkọ̀ náà tẹ̀ mọ́ ọn lára, sítíárìn há a mọ́ inú ibẹ̀, epo bẹntiróòlù sì ń ṣàn sí i lára. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, Graham Hill àti Bob Bondurant, tí àwọn náà ti yọ̀ kúrò lọ́nà, ni wọ́n wá yọ ọ́. Wọn kò ní irinṣẹ́ kankan. Ọwọ́ òǹwòran kan ni wọ́n ti yá sípánà tí wọ́n fi tú sítíárìn náà. Ó lò tó ìṣẹ́jú 25 nínú epo yẹn, bí iná bá sì ṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ti parí. Láti ọjọ́ náà ni Stewart ti ń lẹ sípánà mọ́ sítíárìn ọkọ̀ rẹ̀, tó sì ń bá àwọn alábòójútó pápá jà kiri ayé lórí ọ̀rọ̀ ààbò.

Ní 1969, àwọn awakọ̀ kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò ní sáré níbẹ̀ bí wọn kò bá tún un ṣe, wọ́n sì fagi lé eré ọdún náà. Wọ́n padà wá ní 1970, Pedro Rodríguez fi BRM borí, ìyẹn sì ni ìgbà ìkẹyìn tí Formula 1 sáré lórí ọ̀nà gígùn náà.

Awòran-Ìje

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Mo ti kó òwe náà padà, mi ò sì ní pa á mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan. Jim Clark borí níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin léraléra, ní 1962, 1963, 1964 àti 1965, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ènìyàn tó mọ ìtàn rẹ̀ ló mọ̀ pé kò fẹ́ràn pápá náà rárá. Báwo ni ènìyàn ṣe ń borí báyìí níbi tó kórìíra?

Àgbà-Òǹwòran

Clark wà nínú eré 1960 yẹn. Ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bristow, Stacey sì jẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Lotus. Ó borí níbẹ̀ nítorí pé ó mọ ọkọ̀ wà ju ẹnikẹ́ni lọ, kì í ṣe nítorí pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ní 1963, ipò kẹjọ ló ti gbéra, ó sì ti ṣíwájú gbogbo wọn kí wọ́n tó yípo lẹ́ẹ̀kan. Jíà ọkọ̀ rẹ̀ ń yọ, ó ń fi ọwọ́ kan dì í mú, ó ń fi ọwọ́ kejì darí ọkọ̀. Òjò tún wá dé. Nígbà tí eré parí, ó fi nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún ṣíwájú Bruce McLaren tó ṣe ipò kejì.

Pápá yẹn a máa fún ẹni tó bá kojú rẹ̀ ní nǹkan ńlá. Dan Gurney fi ọkọ̀ Eagle tí òun fúnra rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ borí níbẹ̀ ní 1967, McLaren náà sì fi ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ borí ní 1968, èyí tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ McLaren borí nínú Formula 1. N kò ní kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ìyẹn. Mo kàn ní kí a má fi ẹwà bo iye tí ó ná wọn.

Arìnrìnàjò

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Mo ti fi ọkọ̀ gba ọ̀nà àtijọ́ náà kọjá rí, nítorí pé apá tí wọ́n gé kúrò ṣì jẹ́ ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà títí di òní. Ẹ̀yìn kọ́nà Les Combes ni mo ti bọ́ sójú ọ̀nà náà, mo sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Burnenville. Kọ́nà náà yà sọ́tùn-ún, ó ń yà, kò sì fẹ́ tán. Mo rọra ń wakọ̀, kò lè ju kìlómítà 60 lọ, síbẹ̀ mo rí i pé mo ń wo ògiri ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ju bí mo ṣe ń wo iwájú lọ.

Ní Masta, mo dúró, mo sì sọ̀ kalẹ̀. Ilé ló wà lápá ọ̀tún, ilé ló wà lápá òsì, pẹ̀lú fèrèsé àti ilẹ̀kùn bíi ti ilé gbogbo. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà náà láti etí kan dé èkejì, kò ju ọ̀nà abúlé lásán tí ọkọ̀ méjì lè fi pàdé lọ. Ẹni tó dúró síbẹ̀ kò ní nílò àlàyé kankan mọ́ lórí ìdí tí àwọn awakọ̀ fi kọ̀ láti wá ní 1969.

Ọ̀gá-Kọ́nà

Ẹ ṣeun gan-an fún èyí. Wíwọ̀n tí ẹ fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà yẹn ti jẹ́ kí ó yé mi ju gbogbo àwòrán tí mo ti rí lọ.

Onímáàpù

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe gé e, nítorí ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ wà.

Ní ọdún tí Formula 1 kò fi wá mọ́, pápá Nivelles ni wọ́n ti ṣe eré Bẹ́ljíọ̀mù ní 1972 àti 1974, pápá Zolder ló sì gba ìyókù. Àwọn ọkọ̀ eré ìje gígùn kò kúrò ní Spa ní tiwọn, wọ́n ń sáré lórí ọ̀nà àtijọ́ títí di 1978. Ní 1979 ni wọ́n ṣí ọ̀nà tuntun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 7. Wọ́n fi àwọn apá kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà: La Source, ìsọ̀kalẹ̀ lọ sí Eau Rouge, Raidillon, ọ̀nà gbọọrọ Kemmel, àti Blanchimont ní ẹ̀yìn. Ní Les Combes, dípò kí ọkọ̀ yà sósì lọ sí Burnenville bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n sì la ọ̀nà tuntun sọ̀ kalẹ̀ láàárín igbó, tó gba kọ́nà Rivage, Pouhon àti Fagnes kọjá, kí ó tó padà bá ọ̀nà àtijọ́ pàdé ní apá Stavelot. Burnenville, Malmedy, Masta àti ìlú Stavelot ló kúrò nínú eré.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni Pouhon. Ọ̀nà tuntun ni, kì í ṣe ti 1920, ṣùgbọ́n bó ṣe ń yà sósì lẹ́ẹ̀mejì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, pẹ̀lú eré ńlá, ẹni tí kò mọ ìtàn yóò rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ló ti wà. Àwọn tó fa ìlà yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti bá Awòran-Ìje gbà pé ilẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

Formula 1 padà wá ní 1983, Alain Prost sì fi Renault borí. Ní 1985, ojú ọ̀dà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ lábẹ́ táyà nígbà ìdánrawò, wọ́n sún eré náà láti oṣù Okúdù sí oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, Ayrton Senna ló sì gbà á. Pẹ̀lú gbogbo èyí, apá ibi tó kù nínú ọ̀nà àtijọ́ ṣì jẹ́ ọ̀nà ará ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bọ́ọ̀sì máa ń dúró gbé èrò níbẹ̀, ibi tí wọ́n ṣe kọ́nà kúkúrú sí lẹ́yìn Blanchimont ni wọ́n sì ń pè ní Bus Stop di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti tún un ṣe pátápátá ṣáájú eré 2007.

Ọmọ-Kemmel

Ìyípadà ní Les Combes yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Gbogbo wa la mọ ohun tí Mika Häkkinen ṣe sí Michael Schumacher níbẹ̀ ní 2000. Àwọn méjèèjì gun Raidillon, wọ́n bọ́ sórí Kemmel, wọ́n sì bá ọkọ̀ Ricardo Zonta níwájú, èyí tí wọ́n fẹ́ fi odindi ìyípo kan ṣíwájú. Schumacher gba apá òsì rẹ̀ kọjá, Häkkinen gba apá ọ̀tún, Zonta wà láàárín àwọn méjèèjì, Häkkinen ló sì kọ́kọ́ dé kọ́nà. Mo ti wo ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ yẹn, n kò lè ka iye ìgbà.

Ẹ wá rò ó wò: lórí pápá àtijọ́, Les Combes jẹ́ ìyàsósì tí eré ibẹ̀ pọ̀. Ní ti tuntun, ọ̀tún ni, awakọ̀ sì ní láti tẹ bíréèkì gidigidi kó tó lè yà. Bíréèkì yẹn ló sọ Kemmel di ibi tí ọkọ̀ ti lè kọjá ara wọn. Bí Häkkinen ṣe gba apá ọ̀tún yẹn, òun ló wà nínú kọ́nà. Tí wọn kò bá yí Les Combes padà ní 1979, kò sí ohun tó jọ ìyẹn. Nítorí náà, kì í ṣe pé wọ́n mú nǹkan kúrò nìkan ni, wọ́n fi nǹkan kún un.

Òjò-Ń-Bọ̀

Ohun kan tí kò sí ẹni tó lè gé kúrú níbẹ̀ ni òjò. Ìyàtọ̀ gíga láàárín ibi tó ga jù àti ibi tó rẹlẹ̀ jù lórí pápá náà tó nǹkan bí mítà 100, igbó sì yí i ká. Kìlómítà 7 ṣì gùn tó kí òjò máa rọ̀ ní Pouhon kí La Source sì gbẹ táútáú. Ẹni tó bá yan táyà òjò yóò jìyà lápá kan, ẹni tó bá yan táyà ojú gbígbẹ yóò jìyà lápá kejì.

Ní 1998, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra nínú òjò ni, wọ́n yí La Source, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ kan yọ̀, ọkọ̀ 13 sì kọlu ara wọn nínú èéfín omi tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ojú là. Wọ́n tún eré náà bẹ̀rẹ̀, Schumacher ṣíwájú pẹ̀lú ọ̀nà jíjìn, ó sì lọ rọ́ lu ẹ̀yìn ọkọ̀ David Coulthard tí kò rí dáadáa. Damon Hill ló borí, èyí sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ Jordan borí.

Ti 2021 ló dùn mí jù. Àwọn òǹwòran dúró nínú òjò fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àwọn awakọ̀ sì tẹ̀ lé ọkọ̀ ààbò ní ìwọ̀nba ìyípo díẹ̀, kò sí ẹni tó kọjá ẹnikẹ́ni, wọ́n sì pín ìdajì àmì. N kò bá àwọn tó kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n sáré jà, nítorí mo mọ ibi tí a wà. Mo kàn rò pé kò yẹ kí wọ́n pe ìyẹn ní eré.

Àgbà-Òǹwòran

Mo gbà pẹ̀lú Òjò-Ń-Bọ̀, àti pé mo fẹ́ kí a má ṣe rò pé ikú bá Masta lọ. Ní 1985, Stefan Bellof, ọmọ Jámánì, gbìyànjú láti kọjá Jacky Ickx ní Eau Rouge nínú eré kìlómítà 1000, ọkọ̀ méjèèjì fara kan ara wọn, Bellof sì kú. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ògúṣù 2019, Anthoine Hubert kú nínú eré Formula 2 lẹ́yìn Raidillon. Ní ọjọ́ 1 oṣù Agẹmọ 2023, Dilano van 't Hoff, ọmọ ọdún 18, kú nínú òjò lórí Kemmel, nínú eré àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀.

Ẹ wo ibi tí gbogbo wọn wà: láàárín odò yẹn àti Kemmel. Ìṣòro ibẹ̀ kì í ṣe gbígbá irin ìdènà nìkan. Ọkọ̀ tó bá gbá irin ìdènà ní Raidillon a máa ta padà sójú ọ̀nà, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì lè rí i nítorí pé orí òkè bo ojú wọn. Nígbà tí wọ́n tún pápá náà ṣe kí eré 2022 tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti irin ìdènà jìnnà sẹ́yìn níbẹ̀, wọ́n sì dá òkúta wẹ́wẹ́ padà sí ẹ̀gbẹ́ àwọn kọ́nà mélòó kan. Iṣẹ́ rere ni. Van 't Hoff kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá-Kọ́nà

Bàbá, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Mo máa ń sọ tẹ́lẹ̀ pé Raidillon ti rọrùn jù fún ọkọ̀ òde òní, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń tẹ ọkọ̀ Formula 1 mọ́lẹ̀ pọ̀ débi pé awakọ̀ kì í gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí eré níbẹ̀ mọ́ bí ojú ọ̀nà bá gbẹ. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn yẹn gan-an ló wà nídìí ewu rẹ̀. Bí gbogbo ọkọ̀ bá ń kọjá níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, eré ńlá ni yóò fi ṣe àṣìṣe náà.

Onímáàpù

Awòran-Ìje, kí o tó pinnu, gba àwọn nọ́ńbà yìí kún ìwé rẹ. Rodríguez borí ní 1970 pẹ̀lú eré tó jẹ́ kìlómítà 241 láàárín wákàtí kan, bí a bá pín in káàkiri gbogbo eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní 1973, Henri Pescarolo fi ọkọ̀ Matra yí ọ̀nà gígùn náà po ní ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 13.4, ìyẹn kìlómítà 262 láàárín wákàtí kan. Wàyí o, ní 2024, Sergio Pérez ló yára jù nínú eré lórí pápá tuntun, ó lo ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 44.701. Bí o bá ṣírò rẹ̀, kò pé kìlómítà 241 láàárín wákàtí kan.

Ọkọ̀ tí ọdún rẹ̀ ti lé ní àádọ́ta sáré ju ọkọ̀ òde òní lọ níbẹ̀, láàárín ilé àti òpó wáyà. Kì í ṣe pé ọkọ̀ náà dára jù, ọ̀nà náà ni kò ní ibi tí a ti ń dẹ ẹsẹ̀.

Awòran-Ìje

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti bàbá wa, mo dúpẹ́. Mo wọ ibí pẹ̀lú èrò pé pápá kan náà ni, mo sì rí i báyìí pé orí òkè kan náà ni, pápá rẹ̀ jẹ́ méjì. Mo ti ya ìwé mi sí ọ̀nà méjì. Àwọn tó sáré títí di 1978 wà ní apá òsì, Fangio, Clark, Gurney, McLaren, Rodríguez, Pescarolo. Àwọn tó sáré láti 1979 wà ní apá ọ̀tún, bẹ̀rẹ̀ láti orí Prost ní ti Formula 1. Mo fi ìlà kan sọdá láàárín àwọn méjèèjì, mo sì kọ orúkọ kọ́nà márùn-ún tí wọ́n jọ ní sórí ìlà náà: La Source, Eau Rouge, Raidillon, Les Combes, Blanchimont.

Ẹ̀gbọ́n Onímáàpù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó yẹ kí n yọ Les Combes kúrò lórí ìlà náà, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òsì ló ń yà tẹ́lẹ̀, tó sì ń yà sọ́tùn-ún báyìí.

Onímáàpù

Yọ ọ́ kúrò. Kọ Kemmel sípò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe kọ́nà.